Bébà ní Ìwòpin, Ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè

Ará Àwà, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bá lọ dìbò yan aṣojú sílé aṣòfin l'Ábújá, òun àti apẹja Ìwòpin létí ọ̀sà Lẹ́kí ló jọ ń yan ẹnì kan ṣoṣo. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú àti Ogun Waterside, ni wọ́n so pọ̀ di ẹkùn ìdìbò kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará òkè lọ́dọ̀ wa kò fojú kan ọ̀sà Lẹ́kí rí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ etí omi tí kò bá ní ohun tó ń wá ní Àgọ́-Ìwòyè kì í sábà gòkè wá. Èyí ló mú mi gbé Àgọ́-Ìwòyè àti Ìwòpin sórí ìwọ̀n kan náà. Ìlú tí kò tóbi ni méjèèjì, ìjọba sì gbé nǹkan ńlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí owó epo ṣì ń wọlé. Ọ̀kan gba yunifásítì, èkejì gba ilé-iṣẹ́ bébà.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Orí àpáta ni Àgọ́-Ìwòyè wà, àpáta ògbólógbòó tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì náà máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ yẹ̀ wò tàwọn ti òòlù. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ lè kan òkúta kó tó kan omi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bo àpáta náà gba kòkó, ó gba obì, ó gba ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́. Orí iyanrìn ni Ìwòpin ní tirẹ̀ jókòó sí, létí ọ̀sà tó fẹ̀ tó 247 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀sà náà fẹ̀ ju bó ṣe jìn lọ. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jìn tó mítà mẹ́ta. Odò Ọ̀ṣun àti odò Oní wà lára àwọn tó ń dà sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ kò fi níyọ̀ bíi ti ọ̀sà Èkó. Ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà àti àrọ̀ wà níbẹ̀, igi ògùrọ̀ sì kún àbàtà tó yí i ká. Tí a bá ní kí àlejò yan èwo nínú méjèèjì ni Ọlọ́run kẹ́ jù, mo rò pé Ìwòpin ni yóò nàka sí.

Ogun ló kó Àgọ́-Ìwòyè jọ. Lẹ́yìn tí ìlú Òwu fọ́ (Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fọ́ ọ, kí a má fi bò), tí àwọn jagunjagun tó ṣẹ́ kù sì tẹ Ìbàdàn dó ní 1829, kò sí abúlé kékeré tó lè sùn kó diwọ́ níhà àríwá Ìjẹ̀bú. Ìlú méje ló kó ẹrù wọn wá síbi kan: Ìbípẹ̀, Ìdòdè, Ìgàn, Ìmẹ̀rẹ̀, Ìmọ̀sòsì, Ìmọ̀sù àti Ìsámùró. Wọ́n di adúgbò lábẹ́ ọba kan, Ẹbùmàwé, olúkúlùkù sì di orúkọ tirẹ̀ mú. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà ni ibi tí ojú ọ̀tá kò ní tètè tó. Igbó ni odi wọn.

Ní Ìwòpin, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú gbogbo ayé ti lè rí ọ ni etí ọ̀sà. Nígbà tí omi jẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ tó bá ti Èkó bọ̀, tó ti kan Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, agbègbè Ìwòpin ló máa gbà kọjá. Ẹja ń wá láti omi, gàrí àti epo ń bọ̀ láti òkè, wọ́n á pàdé lọ́jà. Omi yìí kan náà ni òyìnbó gbà wá ní May 1892, nígbà tí Ìjẹ̀bú kọ̀ pé òun kò ní ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n jà ní Ìmagbọn, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tó tẹ̀ lé e ni títì, lẹ́yìn náà mọ́tò. Bí mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kòkó àti obì láti òkè lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ ni ìwúlò èbúté ń dín kù. Ìlú méjèèjì kò kúrò lójú kan, ọ̀nà ló ṣí kúrò. Àgọ́-Ìwòyè tó sá pamọ́ sínú igbó wá rí ara rẹ̀ nítòsí títì tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ìwòpin tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ sì wá di ẹ̀yìn igbó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ìjọba fi dé. Gómìnà Olabisi Onabanjo àti ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN rẹ̀ dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní July 1982, wọ́n sì fi Àgọ́-Ìwòyè ṣe ibùjókòó rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ti pinnu láti ní ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta: Jẹ́bà, Oku Iboku àti Ìwòpin. Ti Ìwòpin ni yóò máa ṣe bébà tí a fi ń kọ̀wé, tí a sì fi ń tẹ̀wé.

Mi ò sí lára àwọn tó máa ń fi Ìwòpin ṣẹ̀sín pé ta ní gbé ilé-iṣẹ́ lọ sí bèbè omi. Ẹni tó yan ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Omi tí kò níyọ̀ ni ilé-iṣẹ́ bébà ń mu bí ọ̀mùtí, ó sì wà níbẹ̀. Igi ni wọ́n ń lọ̀ di bébà, igbó ọba Omo sì wà lẹ́yìnkùlé. Láti 1925 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó lé ní 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin, wọ́n sì ti ń gbin igi gmelina sínú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 nítorí bébà gan-an. Ọkọ̀ ojú omi lè kó ọjà dé Èkó. Tí a bá gbé àwòrán ilẹ̀ síwájú ọlọ́gbọ́n méjì, pé kí wọ́n sọ ohun tí ilẹ̀ wọ̀nyí yẹ fún, Ìwòpin ní ìdí mẹ́ta tó dájú, Àgọ́-Ìwòyè kò ní ju àyè ilẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wo bí ilé-iṣẹ́ bébà ṣe ń ṣiṣẹ́. Gmelina nìkan kò tó, nítorí fọ́nrán rẹ̀ kúrú. A gbọ́dọ̀ ra èyí tó gùn láti òkè òkun pa pọ̀ mọ́ ọn kí bébà má baà máa ya. Kẹ́míkà, òkè òkun. Ẹ̀rọ àti ohun èèlò rẹ̀, òkè òkun. Iná gbọ́dọ̀ wà lọ́sàn-án lóru. Bí ọ̀kan nínú gbogbo èyí kò bá sí, ìyókù di ẹrù irin. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí náírà sì fọ́ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986, Dọ́là tí iṣẹ́ náà nílò di ohun tí apá kò ká mọ́. Wọ́n ti ná owó gọbọi, ẹ̀rọ ti gúnlẹ̀, ilé ti dúró, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń ra bébà láti ìta. Nígbà tó yá, ìjọba tà á fún aládàáni. Ìdajì ilé-iṣẹ́ bébà kì í ṣe ìdajì bébà.

Ìdajì yunifásítì, ìdajì ẹ̀kọ́ ni. Èyí ni mo gbà pé ó ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, kì í ṣe pé àwọn kan gbọ́n ju àwọn kan lọ. Yunifásítì lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé díẹ̀ tí kò tíì pé. Mini-campus ni Àgọ́-Ìwòyè kọ́kọ́ lò kí permanent site tó dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé owó tirẹ̀ bọ̀ nínú àpò: owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ọ̀kadà, owó fọ́tòkọ́pì. Ìyá tó ń ta ìrẹsì kò nílò Dọ́là. Ẹni tó ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́wàá, ó di lańlọ́ọ̀dù. Nígbà tí àyè sì há ní Àgọ́-Ìwòyè, yàrá háyà tàn dé Orù, ó dé Àwà, ó dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba nínú ìpín yìí, àmọ́ ó jẹ nínú ti aládùúgbò.

Èyí kò sọ pé ti Àgọ́-Ìwòyè dùn tán. Ìlú tó gbé gbogbo ọjà rẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, ebi ń pa á nígbà ìsinmi. Ní March 2020 tí ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé nítorí kòrónà, yàrá ṣófo, ọjà dákẹ́. Ilẹ̀ tó ń gbé kòkó ti di ilé. Owó yàrá sì ti ga débi tí ọmọ ìlú tó fẹ́ háyà fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ du ún. Omi Ìwòpin ní tirẹ̀ kì í lọ sí ìsinmi.

Ní ti ibi tí ọ̀nà bá ṣí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ka ìròyìn abúlé Rọ́ṣíà, ó sì jọ tiwa ní ọ̀nà kan. Láàárín 1960 sí 1980, ìjọba ibẹ̀ pín abúlé sí èyí tó ní ọjọ́ iwájú àti èyí tí kò ní, wọ́n sì ń kó ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú àwọn kékeré. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2010, ó lé ní 19,000 abúlé tí kò sí ẹyọ ènìyàn kan tó ń gbé ibẹ̀, nínú nǹkan bí 153,000. Ìjẹ̀bú kì í kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n tì pa láti ọdún dé ọdún á ṣí nígbà Iléyá, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fọ́nnu lójúde ọba. Ṣùgbọ́n ilé títì kì í ra ẹja lọ́jọ́ Ajé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni ti igi. Gmelina tí wọ́n gbìn sí igbó Omo dàgbà, bébà kò dé. Àwọn agégẹdú ló wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n gé e, wọ́n là á ní pákó, mọ́tò gbé e lọ síbi tí ilé ti ń dìde. Kò sí bí pákó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní dé orí òrùlé ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan lókè. Igi Ìwòpin wá ń gbé ìlú ẹlòmíràn ró.

Nísinsìnyí, ojú tún ti ń padà sí omi. Èbúté ńlá Lẹ́kí ṣí ní January 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e ní May ọdún kan náà, àwọn méjèèjì wà níhà ìwọ̀ oòrùn ọ̀sà yẹn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n á tún gbé nǹkan gàgàrà mìíràn wá bá Ìwòpin, èyí tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan kó tó lè mí. Ohun tí màá béèrè kéré sí i. Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n sọ ní Olabisi Onabanjo University ní 2001, ti pín ara rẹ̀ ká Ìpínlẹ̀ Ògùn: ó wà ní Ṣágámù, ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ó wà ní Ìbógùn, ó wà ní Ayétòrò. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja àti ọ̀sìn inú omi wà lára èyí tí wọ́n gbé sí Ayétòrò, lọ́hùn-ún ní agbègbè Yewa, nígbà tí ọ̀bọ̀kún ń lúwẹ̀ẹ́ ní Ìwòpin. Kí wọ́n gbé ẹ̀ka náà wá sétí ọ̀sà, bó tilẹ̀ jẹ́ kíláàsì ọdún tó kẹ́yìn nìkan ni. Kò nílò ju gbọ̀ngàn méjì, èbúté pákó, ẹ̀rọ yìnyín àti ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá háyà lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ láti Ìbíadé ṣe ná.