Ooru Omi Híhó: Ẹ Ṣọ́ra Fún Àwọn Ọmọ Wa

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀fìnkìn àti ikọ́ kì í jìnnà sílé ọlọ́mọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n bu omi híhó sínú abọ́, kí wọ́n fi Robb tàbí ewé dógóńyárò sí i, kí wọ́n da aṣọ bo ọmọ lórí, kí ó máa fa ooru rẹ̀ símú. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀.

Kí ni ooru omi? Omi náà ni, tí iná ti sọ di afẹ́fẹ́. Iná tó ń sọ omi híhó di ooru ju ìlọ́po márùn-ún iná tó gbé omi náà láti tútù bíi yìnyín títí ó fi hó. Gbogbo iná yìí wà nínú ooru náà. Bí ó bá kan ara, yóò padà di omi, yóò sì tú ẹrù iná rẹ̀ sórí awọ. Ìdí nìyí tí ó fi lè jóni ju omi híhó lọ.

Ewu kejì ni abọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó wà lábẹ́ aṣọ kò ríran dáadáa. Bí ó bá ta ẹsẹ̀ pẹ́rẹ́, omi ti dà sí i nítan nìyẹn. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọmọ mẹ́fà tó jóná báyìí láàárín oṣù kan. Tẹ́lẹ̀, bíi méjì ni wọ́n ń rí lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, ooru omi kì í pa kòrónà.

Kí ni ká ṣe fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn? Ẹ fún un ní omi mu dáadáa. Omi oníyọ̀ tí à ń kán sí imú wà ní ilé ìtajà oògùn. Oyin díẹ̀ máa ń dẹ ikọ́ lára, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ má fi Robb sí imú ọmọ kékeré. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń se oúnjẹ ìgbéyàwó àti ti Iléyá, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, ẹ kọ́kọ́ gbé etí ọmọrí tó jìnnà sí yín sókè, kí ooru lè gba ọ̀hún jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

Bí ooru tàbí omi híhó bá jó ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ àti òrùka ibẹ̀, àyàfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí kẹrosíìnì sí i; ẹ má sì bẹ́ ohun tó bá lé ròrò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tó bá kan ojú, tàbí tí ohùn bá há, ẹ má ṣe dúró nílé.

Anọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé ká wá ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká wá a níbi tí kò ti ní fa ìpalára mìíràn. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.