KÍ A TÓ GBÉ LẸ́JÀ WA LỌ SÓRÍ KÍLÁÒDÙ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

 

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìgbìmọ̀ ti ń gbèrò láti gbé àkọsílẹ̀ àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó wa kúrò nínú lẹ́jà oníwèé lọ sínú ètò kọ̀ǹpútà, kí olúkúlùkù lè máa wo owó rẹ̀ lórí fóònù láì tò ní ọ́fíìsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ló ń bá wa kọ ètò náà. Ó fi hàn wá lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí ó gbé e lọ sí ibi tí gbogbo wa á ti lè rí i, kò ṣí rárá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń bi wá pé, "Akọ̀wé, ṣé ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣá?"

Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹni, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, ọ̀tọ̀ ni. Owó wa ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, nítorí náà ó yẹ kí ó yé wa kí ìpàdé gbogboogbò tó dé.

KÍ NI KÍLÁÒDÙ?

JavaScript ni orúkọ èdè tí a fi kọ ètò yìí. Brendan Eich, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní ọdún 1995. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni èdè yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí oníbàárà ń wò. Ní ọdún 2009 ni Ryan Dahl gbé Node.js jáde, èyí tí ó mú kí èdè kan náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn káńtà, níbi tí lẹ́jà wà tí a ti ń ṣírò owó. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn káńtà yìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́fà.

Kíláòdù túmọ̀ sí àwọsánmà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run. Ilé ńláńlá ni, tí a to ẹ̀rọ kún inú wọn. A ń háyà àyè níbẹ̀ bí a ṣe ń háyà ìsọ̀ nínú ọjà onílùú mìíràn. Ọdún 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ báyìí háyà. Google àti Microsoft náà ń ṣe é. Ọdún 2020 ni Amazon ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ fóònù yín níbí ní Òmù-Àrán, ìbéèrè yín lè la òkun kọjá kí ìdáhùn tó padà wá bá yín.

OHUN TÍ ÈTÒ MÁA Ń GBÀGBÉ SÍLÉ

Ẹ wo obìnrin tó mọ oúnjẹ sè. Nínú ilé rẹ̀, ó mọ ibi tí iyọ̀ wà, ó mọ bí ààrò rẹ̀ ṣe ń jó. Bí wọ́n bá wá pè é kí ó wá dáná ìnáwó ní Èsìẹ́, ohun tó bá gbàgbé sílé ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Ohun márùn-ún ló sábà máa ń gbàgbé.

Èkínní ni àdírẹ́sì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó fi ń pe ara rẹ̀, ìyẹn localhost tàbí 127.0.0.1. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wí pé "ilé mi." Ètò tó bá ń tẹ́tí sí "ilé mi" nìkan kò ní gbọ́ bí ẹni tó wà níta bá kanlẹ̀kùn. 0.0.0.0 ló yẹ kí ó máa tẹ́tí sí, kí ó lè dá ará ìta lóhùn. Ẹnu ọ̀nà náà ńkọ́? Nílé, ọmọ náà lè yan nọ́ńbà 3000. Ṣùgbọ́n lórí kíláòdù, onílé ló sábà máa ń pín nọ́ńbà, tí á sì fi í sínú ohun tí wọ́n ń pè ní PORT. Kí ètò máa ka PORT, kí ó má rinkinkin mọ́ 3000. Bí ẹ̀rọ bá sì kọ ọ́ pé ECONNREFUSED 127.0.0.1, ó sábà máa ń jẹ́ pé ètò ń wá dátábéèsì, ìyẹn àká tí orúkọ àti owó wa wà, nínú ilé ara rẹ̀, nígbà tí àká wà nílé mìíràn.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí ètò fi ń ṣí àká máa ń wà nínú fáìlì kan lórí láptọ́ọ̀pù tí ń jẹ́ .env. Fáìlì yìí kò gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ yòókù lọ sí GitHub, níbi tí àwọn akọ̀wé ètò ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, nítorí àwọn olè ń wá irú rẹ̀ kiri níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílé láì tún kọ́kọ́rọ́ náà tẹ̀ sí ibi tí onílé kíláòdù pèsè fún un, ètò á débẹ̀, á bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ẹ̀kẹta ni irinṣẹ́ àyálò. Kò sí ẹni tó ń kọ gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Wọ́n ń yá èyí tí ẹlòmíràn ti kọ, láti ibi tí wọ́n ń pè ní npm. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2016, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ètò bínú, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó kó lọ ń jẹ́ left-pad, kò sì ju ìlà 11 lọ. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ káàkiri ayé ló dúró gbagidi títí wọ́n fi dá a padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a mọ ohun tí a yá àti irú rẹ̀ gan-an. Fáìlì package-lock.json ló ń kọ ìyẹn sílẹ̀. Àṣẹ npm ci ló sì ń mú kí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan wọlé. Kí Node tó wà nílé àti èyí tó wà lóde sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ̀kẹrin ni orúkọ fáìlì. Lórí Windows, Lẹ́jà.js àti lẹ́jà.js kò yàtọ̀ síra. Lórí Linux, tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kíláòdù, èèyàn méjì ni wọ́n. Lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo lè dá iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan dúró.

Ẹ̀karùn-ún ni ibi ìpamọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kíláòdù, bí ẹ̀rọ bá kú tó tún jí, gbogbo ohun tí ètò kọ sínú rẹ̀ ti pòórá. Bí a bá ya àwòrán rìsíìtì tí a fi í síbẹ̀, ilẹ̀ lè mọ́ kí a má bá ọ̀kan. Inú àká tó dá dúró ni kí a máa kó o sí.

IBI TÍ Ó TI KAN OWÓ

Ṣíṣí tí ètò kò ṣí kọ́ ni àléébù tó burú jù, nítorí tọmọdé tàgbà ló ń rí ìyẹn. Èyí tó burú ni kí ó ṣí, kí ó máa rẹ́rìn-ín sí wa, kí ó sì máa ṣírò èké.

Ẹ jẹ́ kí á mú aago. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kíláòdù ń lo aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Bí ìyá kan bá fi owó oṣù kejì ránṣẹ́ ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni lójú ẹ̀rọ. Owó rẹ̀ á bọ́ sínú oṣù kìíní. Bó bá yá, wọ́n á ní kò san ti oṣù kejì, wọ́n á sì lè tìtorí rẹ̀ dá ẹ̀yáwó rẹ̀ dúró. Lórí láptọ́ọ̀pù, àṣìṣe yìí kò ní hàn, nítorí aago Nàìjíríà ni láptọ́ọ̀pù ń lò. Kí a sọ fún ètò pé Africa/Lagos ni kí ó fi máa ka ọjọ́, kí a sì dán an wò pẹ̀lú owó tó wọlé lóru ìparí oṣù.

Ẹ tún wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti láwọn ilẹ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ tí okùn kò já pàápàá, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kí ó san ₦5,000, ojú fóònù á dúró, á tún un tẹ̀. Lẹ́jà á kọ ₦10,000 sílẹ̀ nígbà tí ₦5,000 ló wọlé. Ta ló máa san ìyókù? Oògùn rẹ̀ ni kí owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ìwé rìsíìtì wa ṣe ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún padà wá, kí ètò wí pé "Mo ti gbà á," kí ó má tún kọ ọ́. Láptọ́ọ̀pù àti sẹ́fà jọ wà lójú kan nílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já láàárín wọn. Nítorí náà, kí ọmọ náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa dátà fóònù láàárín ìsanwó, kí á wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, kò ní fún yín ní 0.3, 0.30000000000000004 ni yóò kọ. Èyí kékeré lójú, ṣùgbọ́n lórí èlé ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́jà lè ṣàì bára dọ́gba. Kí ètò máa ka gbogbo owó ní kọ́bọ̀ láìní ẹ̀sún. ₦250.50 á jẹ́ kọ́bọ̀ 25,050.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÀLÉÉBÙ RÍ

Bí nǹkan bá kọ̀, kí a má ṣe máa fọwọ́ kan ibi gbogbo. Sẹ́fà ní ìwé tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sí. Ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ lọ, kí a wá ìlà àkọ́kọ́ tó ráhùn, nítorí ìyókù lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a tún dán an wò. Kí ibi ìdánwò kan sì wà lórí kíláòdù fúnra rẹ̀, tó jọ ibi gidi, tí a ó máa lò ṣáájú. Níbẹ̀, orúkọ àfidánwò ni kí a lò, kí wọ́n ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, kí á mọ̀ bóyá wọ́n á di àmì ìbéèrè. Kí a má fi orúkọ àti owó yín gidi ṣe ìdánwò. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ aráàlú tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2023 kan ẹgbẹ́ bíi tiwa pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé àwa kéékèèké nìkan ló ń kọsẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà gbé ètò tuntun sórí sẹ́fà méje nínú mẹ́jọ. Èyí àtijọ́ ṣẹ́kù sórí ìkẹjọ. Láàárín ìṣẹ́jú 45, wọ́n pàdánù owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Nílé wa níbí, ẹ rántí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn báńkì ńlá kan yí ètò wọn padà tí àwọn oníbàárà kò rí owó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan.

OHUN TÍ Ẹ Ó DÌBÒ LÉ LÓRÍ

Mo dábàá ohun mẹ́rin. Kí lẹ́jà oníwèé àti ti kọ̀ǹpútà jọ máa rìn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ní oṣù tí wọn kò bá bára dọ́gba, tìwé ni kí a gbà, kí á sì wádìí. Kí a máa ṣe ẹ̀dà àká lójoojúmọ́, kí a sì gbìyànjú láti dá a padà lójú ìgbìmọ̀, nítorí ẹ̀dà tí a kò dán wò rí kò ṣeé gbára lé. Kí àkáǹtì kíláòdù jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ààrẹ àti akápò pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ pé bí ọmọ náà bá lọ sìnrú ìlú, owó wa bá a lọ. Kí a sì fi àyè sílẹ̀ nínú ètò ìnáwó, nítorí dọ́là ni ọ̀pọ̀ onílé kíláòdù ń gbà. Dọ́là 20 lóṣù jẹ́ ₦9,200 nígbà tí dọ́là kan jẹ́ ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Bó bá jẹ́ ₦1,500, ₦30,000 ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ náà mọ Node.js, ẹ̀yin lẹ mọ owó tí ẹ san àti ọjọ́ tí ẹ san án. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ìwé owó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì kí ìpàdé tó dé, kí á fi wé ohun tó wà nínú lẹ́jà. Èyí tí kò bá bára mu nínú ìwé lónìí, kọ̀ǹpútà kò ní bá wa tún un ṣe.