Ọ̀fun àti Ọkàn: Àlàyé lórí Lílo Oògùn Táírọ́ìdì fún Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ kò Lù Déédéé

1. Ìfáárà

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni òwe yìí sábà máa ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ kókó ara kan tí ó wà ní iwájú ọ̀fun mu pẹ̀lú. Táírọ́ìdì ni orúkọ kókó náà. Abẹ́ gògóńgò ni ó wà, ó sì rí bí labalábá tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Òun náà ni ó máa ń wú tí ó fi ń di gẹ̀gẹ̀. Iṣẹ́ yìí dá lórí ohun tí ó so kókó yìí pọ̀ mọ́ ọkàn, àti bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé ṣe lè lo oògùn táírọ́ìdì láìṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ náà fi yẹ fún ìjíròrò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Èkíní ni pé ìwọ̀n oògùn yìí tí ó bá fi díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lè da lílù ọkàn rú. Èkejì ni pé èdè ni dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn fi ń fi ìwọ̀n náà lé aláìsàn lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò bá ní ìtumọ̀ méjì, oògùn tí ó dára lè di májèlé. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi hàn pé ibi mẹ́ta ni irú àṣìlóye bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé: nínú orúkọ oògùn, nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti nínú ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń sọ ohun tí ó ń ṣe é.

2. Iṣẹ́ Táírọ́ìdì àti Ipa Rẹ̀ lórí Ọkàn

Áyódínì tí a ń jẹ nínú iyọ̀ àti ẹja òkun ni táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni thyroxine, tí wọ́n ń kọ ní T4. Èkejì, tí agbára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni T3. Ní ọdún 1891, George Murray ti ìlú Newcastle fi oje táírọ́ìdì àgùntàn tọ́jú obìnrin kan tí táírọ́ìdì tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà sì tún lo ọdún 28 láyé lẹ́yìn náà. Edward Kendall ni ó kọ́kọ́ yọ thyroxine sọ́tọ̀, ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1914, ní Amẹ́ríkà. Charles Harington àti George Barger sì ṣe é nínú yàrá ìwádìí ní Bìrìtéènì ní ọdún 1927.

Họ́mónù wọ̀nyí ni ó ń pinnu bí ara ṣe ń yára lo agbára rẹ̀ tó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ooru a máa mú ènìyàn, òógùn a máa bò ó, a máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa, ọkàn rẹ̀ a sì máa sáré. Bí wọ́n bá kéré jù, òtútù a máa mú un, àárẹ̀ a máa bá a, lílù ọkàn rẹ̀ a sì máa falẹ̀. Láti ọdún 1835 ni Robert Graves ti ìlú Dublin ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin kan tí wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ tí ọkàn wọn sì ń lù kìkì láìdáwọ́ dúró. Àjọṣe ọ̀fun àti ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní. Nígbà tí ara bá le, yàrá méjì tí ó wà lókè ni ó kọ́kọ́ ń fún pọ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ a sì tẹ̀ lé wọn, ní ìwọ̀n kan náà, gẹ́gẹ́ bí omele tí kò yẹsẹ̀. Nínú àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní atrial fibrillation, àwọn yàrá òkè kì í fún pọ̀ dáadáa mọ́. Ṣe ni wọ́n máa ń gbọ̀n. Ọkàn a wá máa lù ségesège. Ẹ̀jẹ̀ lè dúró sí igun yàrá òkè kí ó sì dì níbẹ̀. Bí èyí tí ó dì bá sì bá iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, ó lè rọ ènìyàn lápá àti lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Họ́mónù táírọ́ìdì tí ó pọ̀ jù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń fa àìsàn yìí.

3. Orúkọ Kan, Oògùn Méjì

Bí ènìyàn bá sọ pé òun ń lo “oògùn gẹ̀gẹ̀” tàbí “oògùn ọ̀fun”, kò tíì sọ ohun tí ó ń lò. Oògùn méjì tí iṣẹ́ wọn takora ni gbólóhùn náà lè tọ́ka sí. Levothyroxine ni ọ̀kan: thyroxine náà ni, tí a ń fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Carbimazole ni èkejì: òun ni ó ń dí táírọ́ìdì lọ́wọ́ kí ó má baà ṣe họ́mónù púpọ̀ jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré nítorí họ́mónù tí ó pọ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì yá ní levothyroxine nítorí pé “oògùn gẹ̀gẹ̀” ni àwọn méjèèjì ń pè é, epo ni ó ń dà sí iná.

Ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ènìyàn kan náà lè lo oògùn méjèèjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó lo carbimazole lónìí lè ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí kí ó gba áyódínì onítànṣán lọ́la, kí táírọ́ìdì rẹ̀ má sì tó mọ́. Láti ìgbà náà lọ, levothyroxine ni yóò máa lò. Nítorí náà ó yẹ kí èdè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. “Oògùn afikún” bá levothyroxine mu, “oògùn adínkù” sì bá carbimazole mu.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ìkìlọ̀ kan pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, carbimazole máa ń dín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbógun ti àrùn kù gidigidi. Àmì rẹ̀ ni ibà àti ọ̀fun dídùn. Aláìsàn tí ó gbà pé oògùn ọ̀fun ni òun ń lò lè rò pé kí òun fi kún un. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó dá a dúró, kí ó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

4. Akéde tí Ohùn Rẹ̀ ń Lọ Sílẹ̀

Ohun tí àwọn oníṣègùn gbójú lé jù láti mọ̀ bí ìwọ̀n oògùn afikún bá tọ́ ni TSH, họ́mónù kan tí ó ń wá láti inú kókó kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. TSH dà bí akéde tí a rán sí táírọ́ìdì. Bí ọjà bá wọ́n, akéde a gbé ohùn sókè. Bí ọjà bá kún àkúnya, akéde a dákẹ́. Nítorí náà, àyàfi bí kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, TSH tí ó ga ń sọ pé họ́mónù táírọ́ìdì kò tó, èyí tí ó lọ sílẹ̀ sì ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Nǹkan bí 0.4 sí 4.0 mIU/L ni ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò kà sí ìwọ̀n tí ó dára.

Ibí ni àṣìlóye kejì wà. Bí wọ́n bá sọ fún aláìsàn pé, “Táírọ́ìdì yín ti lọ sílẹ̀,” ó lè jẹ́ họ́mónù náà ni wọ́n ń sọ, ó sì lè jẹ́ TSH. Ìtumọ̀ kìn-ín-ní béèrè pé kí a fi kún oògùn. Ìtumọ̀ kejì béèrè pé kí a dín in kù. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí Framingham ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, láàárín ọdún 10, ewu atrial fibrillation fún àwọn tí ó tó ẹni ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí TSH wọn kò ju 0.1 lọ, tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí TSH wọn dára.

Èsì àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì lè tanni jẹ. Biotin, fítámì tí àwọn ènìyàn ń lò fún irun àti èékánná, lè mú kí TSH dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ méjì ni ó yẹ kí ènìyàn ti dá a dúró kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

5. Ìwọ̀n àti Àkókò

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n levothyroxine tí ó sábà máa ń tó ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá ni máíkírógíráàmù 1.6 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 60 yóò lo nǹkan bí 100 lójúmọ́. Ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ le lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ti àgbàlagbà tàbí ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, 12.5 tàbí 25 ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa fi 12.5 sí 25 kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí TSH yóò fi bọ́ sí ipò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìdí tí sùúrù fi di dandan ni pé oògùn yìí kì í tètè kúrò nínú ara. Ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 7 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Nítorí náà, ohun tí a fi kún un lónìí kò ní fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà náà sì ni ó yẹ kí wọ́n tún yẹ TSH wò. Ẹni tí kò rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kẹta, tí ó wá dá fi hóró kan kún un, ń kó oògùn jọ sínú ara tí ọkàn rẹ̀ yóò san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn. Bákan náà, ẹni tí ó gbàgbé ti àná kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ lo méjì lónìí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Àkókò lílò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Omi nìkan ni a fi ń lò ó, nígbà tí inú bá ṣófo, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ènìyàn tó jẹun àárọ̀. Ó sì yẹ kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú, tàbí oògùn kálísíọ̀mù. Ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, kí ó máa lò ó nígbà tí ó bá fẹ́ sùn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ó ti jẹun. Bí ènìyàn bá ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ lónìí, tí ó ń lò ó láìjẹun lọ́la, ìwọ̀n tí ń wọ ẹ̀jẹ̀ yóò máa yí padà bí hóró oògùn kò tilẹ̀ yí padà.

6. Nígbà tí Oògùn Ọkàn bá Pàdé Oògùn Ọ̀fun

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège ni ó ń lo oògùn mìíràn. Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí họ́mónù táírọ́ìdì bá ń pọ̀ sí i, àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì a máa yára parẹ́, agbára warfarin a sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé ìwọ̀n levothyroxine sókè, ó yẹ kí wọ́n yẹ INR wò, kí aláìsàn má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ láti èrìgì tàbí nínú ikùn. Digoxin ń lọ ní ìdà kejì: bí họ́mónù bá pọ̀, agbára rẹ̀ a dín kù, bí carbimazole bá mú họ́mónù wálẹ̀, digoxin tí ó tọ́ lánàá lè pọ̀ jù lónìí.

Amiodarone ni ó gba ìṣọ́ra jù. Áyódínì tí ó wà nínú hóró 200 mg rẹ̀ tó nǹkan bí 75 mg, bẹ́ẹ̀ 0.15 mg ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Ó lè mú kí táírọ́ìdì ṣe àṣejù, ó sì lè mú kí ó dẹ́kun iṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó máa ń pẹ́ nínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a dúró. Propranolol ní tirẹ̀ ń mú kí ọkàn rọra lù, ṣùgbọ́n ó lè bo àmì pé oògùn afikún ti pọ̀ jù mọ́lẹ̀, kò sì yẹ ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

7. “Àyà Mi ń Já”

Àṣìlóye kẹta wà lẹ́nu aláìsàn. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni ẹni tí ó ń ṣàníyàn. Gbólóhùn wọ̀nyí náà ni aláìsàn ní láti fi sọ pé ọkàn òun ń fo, ó ń sáré, tàbí ó ń dúró kí ó tó tún lù. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lè máa tù ú nínú, àwọn ará ilé sì lè máa wá ẹni tí ó ń dẹ́rù bà á, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn ni ó pọ̀ jù.

Ìbéèrè kan lè la ìrújú náà: “Màmá, ṣé ẹ̀rù ni ó ń bà yín, àbí ọkàn yín ni ó ń lù ségesège?” Ọwọ́ sì lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹnu sọ. Bí wọ́n bá fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ní ìhà àtàǹpàkò, tí wọ́n sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, wọn yóò mọ iye ìgbà tí ó lù àti bóyá ó lù ní ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá ń sáré lójijì, tàbí tí àyà ń dùn ún, tí èémí ń há, tí ẹnu wọ́, tàbí tí apá kan kú, ilé ìwòsàn ni ó kàn lójú ẹsẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó hàn nínú àlàyé yìí ni pé àṣejù oògùn táírọ́ìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ ìwà wọ̀bìà wá. Inú ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtó ni ó ti sábà máa ń yọ́ wọlé. Oògùn afikún kì í ṣe oògùn adínkù. TSH tí ó lọ sílẹ̀ kì í ṣe họ́mónù tí ó lọ sílẹ̀. Àyà tí ń já kì í ṣe ẹ̀rù nígbà gbogbo. Bí àwọn tí ń ṣe ìtumọ̀ ní ilé ìwòsàn àti àwọn tí ń kọ ìwé ìlera ní èdè Yorùbá bá di ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí mú, aláìsàn yóò mọ ohun tí ó ń gbé mì, ìdí tí ó fi ń gbé e mì, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ó pariwo.