Òkúta inú àpòòtọ̀ ajá: ẹ béèrè jínótáìpù kí akọ tó gun abo

Bí akọ ajá bá gbẹ́sẹ̀ sókè lára ògiri nínú agbo ilé kan ní Ìdí Arère n'Ìbàdàn, tó ń tiraka ṣáá, tí ìtọ̀ kàn ń kán tó, tó, tó, tàbí tó mú ẹ̀jẹ̀ dání, kí ẹni tó ni ín má dúró di ọ̀la. Òkúta lè ti dí ọ̀nà ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá há pátápátá, ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti pa ajá. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kòkòrò àrùn ló ń fa òmíràn nínú òkúta yìí. Èyí tó dùn mí jù ni èyí tí òbí gbé lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí a lè dènà rẹ̀ kí abo tó lóyún. Ajá Dalmatian, funfun tó ní àmì dúdú káàkiri ara, la fi mọ̀ ọ́n. Ní 2008, Danika Bannasch àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, Davis, rí jíìnì tó bàjẹ́ náà: SLC2A9. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé yúríkì ásíìdì wọnú ẹ̀dọ̀ ajá, níbi tí ara ti ń sọ ọ́ di ohun tó ń yòrò sómi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, inú ìtọ̀ ni ásíìdì náà ń dà sí, á di iyanrìn, á wá di òkúta. Akọ ló ń jìyà jù, torí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ tóóró, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ egungun kọjá nínú okó rẹ̀.

Gbogbo ògidì Dalmatian ló ní àléébù yìí. Ní 1973, Robert Schaible ní Amẹ́ríkà da Dalmatian pọ̀ mọ́ ajá Pointer kan, ó sì ń dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran, títí jíìnì tó dáa fi wà lára ajá tó jọ Dalmatian délẹ̀. Síbẹ̀, ó di 2011 kí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ níbẹ̀, tó gbà wọ́n wọ̀wé pátápátá. Ó bí mi nínú pé wọ́n ka mímọ́ ẹ̀yà sí ju ìrora ajá lọ fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ní Dalmatian ò pọ̀ láàárín Bẹẹrẹ sí Mápó. Ìwádìí kan ní 2010 rí jíìnì tó bàjẹ́ yìí lára àwọn kan nínú Alsatian àti Boerboel, ajá táwa náà ń sin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹni tó ti ṣe jínótáìpù kó tó gbéyàwó mọ ìṣirò náà: AS tó fẹ́ AS lè bí SS. Akọ àti abo tó gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ní ṣàìsàn, àmọ́ ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gba méjèèjì. Òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá ti tó fún àyẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀kan láyé rẹ̀ sì ni. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta ọmọ ajá ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Èyí tó ti gba méjèèjì, ẹ jẹ́ kó máa rí omi mu dáadáa, kí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín màlúù kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Bí X-ray ò bá sì fi nǹkan kan hàn, ẹ má tíì gbà pé ara rẹ̀ mọ́: òkúta yìí kì í sábà hàn níbẹ̀, ẹ ní kí dókítà fi ultrasound wò ó.