Èéfín búrẹ́dì da àdúgbò rú l'Ajégúnlẹ̀! Páìpù tí wọn ò tò dáadáa ló fà á

Tẹ́ ẹ bá gba Ojo Road kọjá l'Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, òórùn búrẹ́dì gbígbóná lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn kọ̀ndọ́ kankan. Òórùn náà ń dá èèyàn lọ́fun tòló, a ò ní í purọ́. Àmọ́ ẹ lọ bi àwọn tí ilé wọn fara kan ilé búrẹ́dì léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé òórùn nìkan kọ́ ló ń wọlé bá àwọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Boundary. A ò ní í dárúkọ ẹnì kankan, torí wọ́n ti parí ìjà, a ò sì fẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀. Àlàájì kan ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀, igi ni wọ́n ń kó sínú ààrò. Ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà, face-me-I-face-you tí ayálégbé kún inú ẹ̀ bámúbámú. Aṣọ funfun tí wọ́n bá sá láàárọ̀, bí aṣọ fọganáísà ló máa ń rí tó bá fi máa di ọ̀sán. Àwọn ọmọdé ń wúkọ́. Ìyá kan tó ń gbé yàrá òkè sọ fún wa pé, "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, tí mo bá fẹ́ẹ́ ṣí fèrèsé mi, mo ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá Àlàájì ti dáná."

Wọ́n fẹjọ́ sùn, Àlàájì náà sì gbọ́. Wọ́n pe wẹ́dà kan, ó ká páànù róbótó, ó gbé e gba inú ògiri jáde, ó gbowó, ó lọ. Ibo ni ẹnu páìpù náà yọ sí? Abẹ́ fèrèsé ìyá yẹn gan-an ni! Ìjà dé. Lánlọ́ọ̀dù ní òun máa fún Àlàájì ní kúìtì nótíìsì. Ni Àlàájì bá tún pe bíríkìlà, ìyẹn fi búlọ́ọ̀kù mọ ṣímínì gbàǹgbà kan kọjá òrùlé ilé búrẹ́dì, gbogbo èèyàn sì dúpẹ́.

Ọpẹ́ yẹn ò pẹ́. Sìmẹ́ńtì ò fẹ́ iná, kò sì fẹ́ omi kíkan tó wà nínú èéfín igi. Láàárín oṣù mélòó kan, búlọ́ọ̀kù ti ń là, ọ̀dà dúdú ń ṣàn lára ògiri.

Èyí tó wá bà wá lẹ́rù jù ni tàwọn ọmọkùnrin méjì tó ń po fúláwà. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sùn sórí àpò fúláwà nígbà tí ẹyin iná ṣì ń jó nínú ààrò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ wọn bíi pé kó là, wọ́n ń bì, ọ̀kan ò tiẹ̀ lè dìde. Àwọn kan ti ń sọ pé ayé ló ń bá wọn jà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò ló pariwo pé kí wọ́n gbé wọn síta gbangba, kí wọ́n sì máa gbé wọn lọ sọ́sibítù. Orí ló kó wọn yọ.

Kì í ṣe ayé o, èéfín ni. Carbon monoxide ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú ẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, tó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè tó yẹ kí atẹ́gùn tá à ń mí wà. Òun náà ló ń pa odindi ìdílé tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní 2020 nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí Àlàájì ò fi igi sílẹ̀. Ẹ ṣáà rántí bí owó dísù ṣe fò sókè ní 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀. Fúláwà ò ṣòroó rí nítòsí wọn, torí Apapa níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà láti 1962. Iná tí wọ́n máa fi yan án ni ìṣòro. Igi páálẹ́ẹ̀tì tó ń ti wọ́ọ̀fù jáde ni Àlàájì ń rà. Ẹ kíyè sí èyí: òǹtẹ̀ wà lára páálẹ́ẹ̀tì tó bá ti òkè òkun wá. Tí wọ́n bá kọ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ MB, kẹ́míkà olóró ni, ẹ má ṣe fi dáná ohun tẹ́nì kankan máa jẹ.

Baba wẹ́dà kan tó ti tún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ṣe ní wọ́ọ̀fù Apapa ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yí ṣímínì ọ̀hún po, wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹ̀wù lẹ rà, ẹ ò ra síńgílẹ́ẹ̀tì." Wọ́n ní páìpù mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú búlọ́ọ̀kù yẹn, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà láti ẹnu ààrò títí dókè. Ihò tí bíríkìlà ṣe ti fẹ̀ jù. Èéfín tó bá gbóná ló ń gòkè. Tó bá dénú ihò fífẹ̀ tó tutù, á rẹ̀ ẹ́, á padà sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru òjò ọjọ́sí nìyẹn.

Baba ò gbà kí wọ́n lo páànù. Tí iná bá mú zinc ara ẹ̀, èéfín ẹ̀ ń fa ibà. Àwọn wẹ́dà náà mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn ń fi mílíìkì tan ara wọn jẹ ni. Stainless ni wọ́n lò. Ibi tí mo ti dúró wò wọ́n jù ni bí wọ́n ṣe ń to páìpù náà. Ìdí tòkè ni wọ́n ń kì bọ ẹnu tìsàlẹ̀. Mo ní, "Baba, ṣé kì í ṣe òdì nìyí?" Wọ́n ní òjò lèmi ń rò, ọ̀dà lòun ń rò. Ọ̀dà tó bá ń ṣàn bọ̀ látòkè, inú páìpù ló yẹ kó gbà padà sínú iná, tí wọ́n bá dojú ẹ̀ kọdí, ara ògiri ló máa jáde sí. Wọ́n fi ìdè mẹ́ta de oríkèé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wé òwú tí iná kì í jó mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù inú ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe asbestos o, ìyẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sísàlẹ̀ tí wọ́n á máa gbà gbá a, torí tí ọ̀dà bá pọ̀ nínú ẹ̀ tó gbaná, ooru ẹ̀ lè ju 1,000 Celsius lọ, ibẹ̀ ni igi àjà ti ń ràn.

Gíga ẹ̀ ló kù. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé lókè òkun ni pé kí ẹnu páìpù fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tó ti yọ lórí òrùlé, kó sì fi 2 ga ju ohunkóhun tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. L'Ajégúnlẹ̀, kí ni ò sí láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rárá! Ni Baba bá gbé páìpù náà kọjá òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi wáyà mẹ́rin dè é nítorí ìjì, wọ́n dé e ní fìlà.

Owó ẹ̀ ju owó àgbò Iléyá lọ, Àlàájì ò sì yéé sọ ọ́ fún ẹni tó bá yà síbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ti fòfin dè é pé kẹ́nì kankan má sùn sínú ilé búrẹ́dì mọ́, fèrèsé méjì sì ń wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, torí bó ti wù kí páìpù dára tó, tí atẹ́gùn ò bá wọlé, èéfín ò ní í jáde.

Nígbà tá a padà débẹ̀, a bá ìyá orí òkè, fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ funfun wà lórí okùn. A ní ṣé ara ti wá tù wọ́n báyìí. Wọ́n ní, "Èéfín ti lọ. Ẹ bá wa bá Àlàájì sọ̀rọ̀ nípa ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po fúláwà."