Owó Orí Lórí Ẹ̀rọ: Fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ àti Oníṣòwò Èkó

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìbáà jẹ́ aránṣọ, mẹkáníìkì tàbí alátẹ, kò ní gbé fọ́ọ̀mù owó orí lọ sí ọ́fíìsì LIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Èkó, mọ́. Orí eTax, ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la ti ń ṣe é báyìí. Ó pẹ́ jù, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀ náà ní láti kọ tirẹ̀.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ọdún 2026, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ni nọ́ńbà owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ tó wà lórí NIN bá yàtọ̀ sí ti báǹkì, ẹ lọ tún un ṣe kí oṣù Kẹta tó wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ káfè fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ yín sílẹ̀. Ọ̀yàyà ni yóò fi ṣe é o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìwé yín yóò máa lọ. Lọ́jọ́ tó bá kó kúrò ládùúgbò, ọwọ́ ta lẹ ó ti gba páásíwọ́ọ̀dù? Ẹ pe ọmọ yín kó bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jókòó tì í.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní aránṣọ kan jèrè ₦1,500,000 lọ́dún 2026, tó sì san ₦600,000 owó ilé. Òfin yóò yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà, ìyẹn ₦120,000, kúrò nínú èrè rẹ̀. Ó ku ₦1,380,000. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦580,000 tó ṣẹ́ kù, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò san: ₦87,000. Ẹni tí kò bá ní ìwé owó ilé lọ́wọ́ ló máa ṣòro fún láti fi ẹ̀rí hàn, nítorí náà ẹ máa gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé.

Ẹni tó bá kọjá gbèdéke láìkọ yóò san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ wo bó ṣe ju owó orí aránṣọ yẹn lọ.

Àpò ìjọba nìkan lowó orí ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní àkáǹtì ara rẹ̀ pé kí ẹ san án síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án.