Ìdílé Mark Twain ní Ìdálẹ̀

Oríṣiríṣi nǹkan ni í mú ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀. Òwò ni ó mú ẹlòmíràn lọ, ẹ̀kọ́ ni ó mú ẹlòmíràn, ogun tàbí ìyàn ni ó sì lé àwọn mìíràn jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ìnáwó ilé ni ó bò wọ́n mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi lọ wá ìlú tí owó díẹ̀ ti lè tó wọn ná. Irú wọn ni ìdílé Samuel Clemens, ará Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mark Twain. Bí a bá yọ ìgbà díẹ̀ tí wọ́n yà wá wo ilé kúrò, ọdún mẹ́sàn-án, láti 1891 títí di 1900, ni òun, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi wà ní ìdálẹ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1835 ni a bí Samuel Clemens ní ìpínlẹ̀ Missouri. Hannibal, ìlú kékeré kan ní etí odò ńlá Mississippi, ni ó gbé dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí baba rẹ̀ kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó di atukọ̀ lórí odò náà. Níbẹ̀ ni ó ti rí orúkọ tí ó ń lò nídìí iṣẹ́ ìwé kíkọ. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó ń fi okùn wọn ìjìnlẹ̀ omi nínú ọkọ̀ a máa ké sí atukọ̀ láti sọ bí omi ti jìn tó. Bí ó bá ké pé “Mark Twain”, ohun tí ó ń wí ni pé omi náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọkọ̀ lè kọjá láìfi ìdí kanlẹ̀.

Ní 1870, ó gbé Olivia Langdon níyàwó, ọmọ oníṣòwò èédú kan tí ó lówó lọ́wọ́ ní ìlú Elmira. Livy ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Àkọ́bí wọn, tí ó jẹ́ ọkùnrin, kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí tẹ̀ lé e: Susy ní 1872, Clara ní 1874, àti Jean ní 1880.

Ní 1874, wọ́n kó wọ ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ sí ìlú Hartford. Àwọn ọdún tí wọ́n fi gbé ibẹ̀ ni àwọn ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde. Àlejò kì í wọ́n nínú ilé náà. Ìránṣẹ́ pọ̀, oúnjẹ pọ̀. Owó tí ń wọlé kò kéré, ṣùgbọ́n èyí tí ń jáde pọ̀ jù ú lọ.

Ihò méjì ni owó náà ń gbà jáde. Ihò kìíní ni ẹ̀rọ kan tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Paige ń ṣe. Nígbà náà, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé fi ń to lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó lè tẹ ìwé. Paige fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tò wọ́n bí ènìyàn, tí yóò sì yára ju ènìyàn lọ. Lóòótọ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí a bá tún èyí ṣe lónìí, tọ̀hún a bàjẹ́ lọ́la. Níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni ẹ̀rọ mìíràn tí a ń pè ní Linotype, èyí tí Ottmar Mergenthaler ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn kan ní New York ní 1886, ó sì gba ọjà mọ́ Paige lọ́wọ́. Kí Mark Twain tó jáwọ́ níbẹ̀, owó tí ó ti bá ẹ̀rọ náà lọ tó nǹkan bí dọ́là 300,000. Ihò kejì ni ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1884 láti máa gbé ìwé jáde. Ó kọ́kọ́ mú èrè ńlá wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, gbèsè ni ó ń bí lé gbèsè.

Nítorí náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1891, wọ́n ti ilé Hartford, wọ́n dá àwọn ìránṣẹ́ dúró, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Katy Leary, tí ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti 1880, bá wọn lọ. Nǹkan rọjú ní Yúróòpù ju Amẹ́ríkà lọ nígbà náà. Owó ilé àti owó ìránṣẹ́ kò ga. Àìlera pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọkàn Livy kò le, làkúrègbé sì mú apá ọ̀tún ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìyànjú láti máa fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Àwọn dókítà ìgbà náà gbàgbọ́ nínú omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀, nítorí náà ni ìdílé náà ṣe lọ wẹ irú omi bẹ́ẹ̀ ní Aix-les-Bains ní ilẹ̀ Faransé àti ní àwọn ìlú mìíràn.

Nígbà tí òtútù dé, wọ́n lọ gbé ní Berlin, olú-ìlú Jámánì. Òpópónà kan tí ilé kò ti wọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ṣùgbọ́n àdúgbò náà kò bá wọn lára mu, wọ́n sì kó lọ sí ilé ìtura kan ní àárín ìlú. Kí ènìyàn tó gbé ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní láti gbọ́ èdè wọn. Ọ̀rọ̀ èdè Jámánì ti pa Mark Twain lẹ́rìn-ín tipẹ́. Ní 1880 ni ó ti kọ àròkọ kan tí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n a máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn bí ọ̀nà oko, wọ́n a sì gbé ọ̀rọ̀ ìṣe sí ìparí gbólóhùn, tí olùgbọ́ yóò máa retí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò. Síbẹ̀ náà, ó kọ́ ọ. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ààfin, ó sì jẹun pẹ̀lú Kaiser Wilhelm Kejì ní oṣù kejì ọdún 1892. A gbọ́ pé nígbà tí Jean, àbígbẹ̀yìn, rí i bí àwọn ẹni ńlá ti ń ránṣẹ́ pe baba rẹ̀, ó ní Ọlọ́run nìkan ni ó kù tí baba òun kò ì tí ì mọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1892, wọ́n gba ilé kan tí ń jẹ́ Villa Viviani ní Settignano, lórí òkè tí ó kọjú sí ìlú Florence ní Ítálì. Ògiri ilé náà nípọn, ibẹ̀ sì parọ́rọ́. Clara padà sí Berlin lọ kọ́ orin. Susy, tí ó ní ohùn dídùn, ń kọ́ orin kíkọ. Baba wọn ń kọ ìwé kan nípa Joan of Arc, wúńdíá ilẹ̀ Faransé tí ó ṣáájú ọmọ ogun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìdílé a péjọ, baba a sì ka ohun tí ó kọ sókè sí wọn létí. Susy ni ó fẹ́ràn ìwé náà jù lọ. Ẹni tí ó bá rí wọn ní irọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ pé onígbèsè ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í sùn. Ní 1893, ọjà dàrú ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìfowópamọ́ sì ń ti ìlẹ̀kùn. Léraléra ni Mark Twain ń fi ìdílé sílẹ̀ ní Yúróòpù, tí ó ń la òkun kọjá lọ wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1894, ilé iṣẹ́ rẹ̀ wó. Gbèsè tí ó wà nílẹ̀ tó nǹkan bí dọ́là 80,000. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀rọ Paige pẹ̀lú kùnà pátápátá.

Ọkùnrin olówó kan, Henry Rogers, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo Standard Oil, dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ó rí i pé Livy gan-an wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ lówó jù, nítorí náà ó fi ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé ọkọ rẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má ba à gbà wọ́n lọ. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún onígbèsè bẹ́ẹ̀ láti san díẹ̀ nínú gbèsè, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sí òṣómàáló tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Livy fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo gbèsè náà ni àwọn yóò san, kọ́bọ̀ kò ní kù. Ọkọ rẹ̀ gbà, Rogers sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ọjà orúkọ ni òǹkọ̀wé ń tà; bí orúkọ bá bàjẹ́, ọjà tán.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó hàn sí wọn, èyí nì ni pé kí Mark Twain máa lọ káàkiri ayé, kí ó máa sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín fún àwọn tí yóò sanwó láti gbọ́. Ó ń súnmọ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ kò sì dá. Livy àti Clara pinnu láti bá a lọ. Susy kò fẹ́ràn ìrìn àjò orí òkun, Jean sì ní láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́; nítorí náà ni àwọn méjèèjì ṣe dúró sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Elmira. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1895, bí ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ, Susy dúró ní ibùdókọ̀, ó ń juwọ́ sí wọn.

Láti Cleveland ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la Amẹ́ríkà já títí dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ní Victoria ní ilẹ̀ Kánádà ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí wọ́n dé Honolulu, àrùn onígbáméjì wà níbẹ̀. A kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, òkèèrè ni Mark Twain sì ti ń wo erékùṣù tí ó ti fẹ́ràn láti 1866. Wọ́n dé Fiji, wọ́n dé Australia, wọ́n dé New Zealand, níbi tí ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Eéwo ńlá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbà mìíràn orí ibùsùn ni ó ti ń dìde lọ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n la Íńdíà kọjá láti Bombay dé Calcutta, wọ́n sì gun òkè lọ sí Darjeeling. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí kò ní ẹ̀rọ ni wọ́n gùn lórí irin, tí ó ń yọ̀ wálẹ̀ láti òkè fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ọjọ́ náà púpọ̀. Láti Íńdíà wọ́n kọjá sí Mauritius àti Gúúsù Áfíríkà. Gbogbo owó tí ó ṣẹ́ kù ni ó ń fi ránṣẹ́ sí Rogers.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1896, wọ́n gúnlẹ̀ sí Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń retí Susy àti Jean. Dípò àwọn ọmọ, lẹ́tà ni ó dé pé ara Susy kò yá díẹ̀. Livy àti Clara wọ ọkọ̀ kánkán láti lọ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lórí òkun, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, wáyà kan bá Mark Twain ní òun nìkan ní ìlú Guildford: Susy ti kú. Àrùn yírùnyírùn ni ó pa á ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, nínú ilé Hartford tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ dé New York kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́.

Ìdílé náà gba ilé kan ní London, wọ́n sé ara wọn mọ́lé. Kò sí ọdún kankan tí wọ́n ń ṣe, wọn kì í sì í gba àlejò. Nínú ìbànújẹ́ yìí ni Mark Twain jókòó tí ó kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ yí ayé ká, tí ó jáde ní 1897, nítorí pé gbèsè ṣì kù. Ní ọdún kan náà, wọ́n kó lọ sí Vienna, kí Clara lè kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ olùkọ́ olókìkí tí ń jẹ́ Theodor Leschetizky. Níbẹ̀ ni Mark Twain ti dìde láàárín àwọn akọ̀ròyìn, tí ó sì fi èdè Jámánì gan-an sọ fún wọn bí èdè náà ti le tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1898, ó san gbèsè ìkẹyìn. Àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà yìn ín gidigidi.

Síbẹ̀ wọn kò tí ì lè padà sílé. Wárápá ń ṣe Jean, wọ́n sì gbé e lọ sí Sweden ní 1899 láti tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n tó gúnlẹ̀ sí New York, tí èrò sì ń pàdé wọn tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ilé Hartford tí wọ́n tì ní 1891 kò ṣe é gbé mọ́, nítorí Susy. Wọ́n tà á ní 1903. Ní ọdún kejì, nígbà tí wọ́n tún ti padà sí Florence nítorí ìlera Livy, òun pẹ̀lú dágbére fún ayé.

Àwọn àgbà a máa wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ rere pẹ̀lú ní iye tí a ń rà á. Ìdílé yìí ra tiwọn padà pẹ̀lú ọdún mẹ́sàn-án láìní ilé. Gbèsè tán, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó juwọ́ sí wọn ní ibùdókọ̀ kò sí níbẹ̀ láti kí wọn káàbọ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Mark Twain, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín, kò burú bí ó bá rántí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rín wọ̀nyí ni a kọ ní ìdálẹ̀, nínú yàrá àyágbé, láti ọwọ́ baba kan tí ó fẹ́ san ohun tí ó jẹ.